Ìtàn Iṣẹ́ Ayàwòrán Láàrin Yorùbá: Kí ni Ayàwòrán Ń Tà?

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà wọ ìlú wa, síbẹ̀ ó bá iṣẹ́ ayàwòrán mu gan-an ni. Ẹni tí kò sí níbi ìgbéyàwó, tí kò sí níbi ìwúyè, tí a kò tíì bí nígbà tí bàbá bàbá rẹ̀ wà láyé, lè fi ojú ara rẹ̀ rí gbogbo wọn nínú àwòrán, bí ayàwòrán bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́.

Lóde òní, tẹlifóònù alágbèéká ti wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, kámẹ́rà sì wà nínú rẹ̀. Nítorí èyí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ràn iṣẹ́ yìí a máa bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè bóyá ènìyàn tún lè fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn òbí pẹ̀lú a máa béèrè bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbéèrè tuntun. Bí a bá yẹ ìtàn iṣẹ́ náà wò, a ó rí i pé ẹ̀rọ tuntun ti dé lọ́pọ̀ ìgbà tí ó dà bí ẹni pé yóò gba oúnjẹ lẹ́nu ayàwòrán. Àwọn kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́, àwọn mìíràn sì dúró. Èrò wa nínú àròkọ yìí ni pé àwọn tí ó dúró ni àwọn tí ó mọ ohun tí wọ́n ń tà. Ẹ̀rọ kọ́ ni ọjà ayàwòrán. Ohun mẹ́ta ni ọjà rẹ̀: ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́, ojú tí ó mọ iyì ènìyàn, àti ẹ̀rí tí a lè gbára lé.

Kí Kámẹ́rà Tó Dé

Kì í ṣe kámẹ́rà ni ó kọ́kọ́ kọ́ Yorùbá bí a ti ń fi àwòrán pa ìrántí ènìyàn mọ́. Àwọn orí idẹ àti orí amọ̀ tí a hú jáde ní Ilé-Ifẹ̀, tí a gbà pé púpọ̀ nínú wọn ti wà láti àárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, fi hàn pé àwọn oníṣọ̀nà wa ti mọ bí a ti ń mú ojú ènìyàn jáde bí ẹni pé yóò fọhùn. Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n a máa gbẹ́ ère àkó fún àgbà pàtàkì tí ó bá kú. Wọn á gbẹ́ ẹ kí ó jọ olóògbé, wọn á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọn á sì fi ṣe ìsìnkú ẹ̀ẹ̀kejì. Ère ìbejì ní tirẹ̀ kì í jọ ojú ọmọ tí ó kú. Ipò ọmọ náà ni ó dúró fún, ìyá rẹ̀ a sì máa wẹ̀ ẹ́, a máa wọ̀ ọ́ láṣọ, a máa gbé oúnjẹ fún un.

Ohun tí a rí dì mú níhìn-ín ni pé ẹni tí ń ṣe àwòrán ènìyàn ti ní ojúṣe méjì láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwòrán jọ ẹni náà tó bí ó ti yẹ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ipò àti iyì ẹni náà hàn nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ojúṣe méjèèjì ni ó bá nílẹ̀.

Bí Iṣẹ́ Náà Ṣe Gba Etí Òkun Wọlé

Ní ọdún 1839 ni a kéde ọgbọ́n Louis Daguerre ní ìlú Paris, tí ayé fi mọ̀ pé ẹ̀rọ lè ya àwòrán. Orí abala bàbà tí a fi fàdákà bò ni àwòrán náà ń hàn sí, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni. A kò lè tẹ òmíràn láti ara rẹ̀. Ní 1851, Frederick Scott Archer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọgbọ́n mìíràn jáde nípa fífi oògùn pa ara gíláàsì. Láti ara gíláàsì kan, a lè tẹ àwòrán púpọ̀ sórí ìwé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé oògùn náà kò gbọdọ̀ gbẹ kí iṣẹ́ tó parí. Ayàwòrán tí ó bá ń rìnrìn àjò ní láti gbé àgọ́ òkùnkùn, ìgò oògùn àti gíláàsì káàkiri. Nígbà tí gíláàsì tí oògùn rẹ̀ ti gbẹ di ohun tí a ń rà lọ́jà, ní nǹkan bí 1880 sí iwájú, ẹrù náà fúyẹ́, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ràn.

Ọ̀nà òkun ni ó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ayàwòrán ọmọ Áfíríkà ń ti Freetown àti Accra bọ̀, wọ́n ń bá ọkọ̀ ojú omi dé ìlú tí òwò bá ti ń lọ déédéé. Ọ̀kan nínú wọn ni N. Walwin Holm, tí ó ti ṣe iṣẹ́ yìí ní Accra kí ó tó wá ṣí sítúdíò sí Èkó ní 1896. Nígbà tí ó pẹ́, ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì di amòfin. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ni àwọn ènìyàn ka yíya àwòrán sí nígbà náà: ẹni tí yóò ṣe é ní láti mọ̀wé kà, kí ó mọ ìwọ̀n oògùn, kí ó sì ní owó láti ra ohun èlò láti òkè òkun.

George S. A. da Costa ni ẹlòmíràn tí a kò lè fò dá. Èkó ni a bí i sí ní 1853. Òun ni ó ń bójú tó ilé ìtàwé CMS ní Èkó láti 1877 títí di 1895, kí ó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ gba iṣẹ́ àwòrán. Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀: ó ti lé ní ogójì ọdún. Ó fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí kò ní ju ọwọ́ rẹ̀ lọ láti fi dúró. Kò pẹ́ tí ìjọba àmúnisìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ fún un, pàápàá yíya àwòrán ọ̀nà rélùwéè. Nínú ìwé ńlá tí Allister Macmillan ṣe nípa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1920, àwòrán da Costa wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Àwọn oníbàárà irú àwọn wọ̀nyí ni oníṣòwò, àlùfáà, amòfin, akọ̀wé, àti àwọn Sàró pẹ̀lú Àgùdà tí ó fẹ́ kí ará ilé àti ará òkè òkun rí bí nǹkan ṣe ń lọ fún wọn. Àwọn ayàwòrán a tún máa tẹ àwòrán ìlú sórí póòsìkáàdì fún títà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé fún ayàwòrán ju ẹyọ kan lọ.

Herzekiah Shanu: Ayàwòrán Gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí

Ohun tí a ti sọ títí dé ìhín jẹ mọ́ ọwọ́ àti ojú. Bí ó bá kan ti ẹ̀rí, ìtàn ọmọ Yorùbá kan tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Ọ̀tà ni a bí Herzekiah Andrew Shanu sí ní 1858. Ó kàwé ní Èkó, ó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́, kí ó tó lọ sí Boma ní ilẹ̀ Kóńgò ní 1884 láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé àti ògbufọ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni Leopold Kejì, ọba Bẹ́ljíọ̀mù, ń sọ ilẹ̀ Kóńgò di ohun ìní ara rẹ̀.

Ní 1893 Shanu fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀ ní Boma, ó sì ń ya àwòrán pẹ̀lú. Àwòrán rẹ̀ jáde nínú Le Congo illustré, ìwé ìròyìn tí a fi ń gbé iṣẹ́ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ní Kóńgò lárugẹ. Ní 1894 ó rìnrìn àjò lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni iyì ni lójú àwọn aláṣẹ. Òwò rẹ̀ ń lọ déédéé.

Ṣùgbọ́n ìwà ìkà ń lọ ní Kóńgò nítorí rọ́bà. Wọ́n ń fi ipá mú àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́, wọ́n ń pa wọ́n, wọ́n sì ń gé wọn lọ́wọ́. Láti nǹkan bí 1903, Shanu bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìròyìn ránṣẹ́ sí Roger Casement, kọ́ńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípa ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá. Lẹ́yìn náà ni ó fi àwọn ìwé ẹjọ́ kan ránṣẹ́ sí E. D. Morel, ẹni tí ń bá ìjọba Leopold jà nínú ìwé ìròyìn. Ìwé ni Shanu fi ránṣẹ́, kì í ṣe àwòrán. Ṣùgbọ́n ọkàn kan náà ni ó fi ṣe é, ọkàn ẹni tí ó gbà pé ohun tí ojú rí kò yẹ kí ó ṣègbé. Nígbà tí àṣírí rẹ̀ tú, wọ́n pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan má ṣe bá a rajà mọ́. Òwò rẹ̀ dojú dé. Ní oṣù Keje, 1905, ó pa ara rẹ̀.

Ìtàn yìí wúwo, ó sì yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ayàwòrán mọ̀ ọ́n. Àwọn aláṣẹ tí ń ra àwòrán lọ́wọ́ ènìyàn lè má fẹ́ kí ó rí ohun gbogbo. Ẹni tí ó bá di ẹlẹ́rìí fún aráyé lè san owó rẹ̀ fún un. Síbẹ̀, orúkọ Shanu kò pa rẹ́, nítorí pé ó sọ ohun tí ó mọ̀.

Sítúdíò Ìlú àti Ọmọ Iṣẹ́

Bí ọ̀rúndún ogún ti ń lọ, iṣẹ́ náà kúrò ní ti etí òkun nìkan. Ó di iṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú ńlá àti ìlú kékeré, ó sì bá ètò ìkọ́ṣẹ́ wa lọ. Òbí a mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọn a ṣe àdéhùn iye ọdún àti owó, ọmọ a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbá ilẹ̀ àti gbígbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé. Nígbà tí ó bá yá, ọ̀gá a mú un wọ yàrá òkùnkùn. Ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a ti ń po oògùn tí ń mú àwòrán yọ àti èyí tí kì í jẹ́ kí ó parẹ́. Kò sí ìwé tí ó lè kọ́ni tán. Nígbà ọyẹ́, omi a tutù, oògùn a sì lọ́ra. Eruku a tún máa lẹ̀ mọ́ nẹ́gátíìfù tí kò tíì gbẹ. Ọmọ iṣẹ́ a mọ èyí nípa bíbá ọ̀gá rẹ̀ ṣe é. Bí ọdún rẹ̀ bá pé, a ṣe fíríídọ̀mù fún un níṣojú òbí àti àwọn ọ̀gá mìíràn, wọn a súre fún un, òun náà a sì di ọ̀gá.

Ní 1975, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, wá ṣe ìwádìí ní Ìla Ọ̀ràngún. Àròkọ tí ó kọ nípa rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ó ṣàlàyé pé àwọn ayàwòrán Yorùbá ní ìlànà tiwọn. Bí àgbà bá fẹ́ ya àwòrán, yóò jókòó gbagidi, yóò kọjú sí kámẹ́rà, yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún, aṣọ rẹ̀ yóò bò ó dáadáa, ohun oyè rẹ̀ yóò sì hàn. Ojú rẹ̀ kò ní kún fún ẹ̀rín. Àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ìṣẹ́jú kan péré. Ipò tí ẹni náà dé láyé ni ó ń fi hàn, òun náà sì ni àwọn ọmọ yóò gbé jáde lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹ ó rí i pé èyí kò jìnnà sí ohun tí a sọ nípa àkó.

Ohun tí ó ya àwọn tí ó ka iṣẹ́ Sprague lẹ́nu jù ni àwòrán ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwòrán wọn, ayàwòrán a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ìwé kan, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, a wọ èyí tí ó kù ní aṣọ tirẹ̀, a yà á, a tún wọ̀ ọ́ ní aṣọ èkejì rẹ̀, a sì tún yà á. Àwọn ìdílé kan ń lo irú àwòrán yìí ní ipò ère ìbejì.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé ẹ̀rí ni èyí tàbí irọ́? Ìdáhùn wa ni pé kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìyá mọ̀, bàbá mọ̀, ayàwòrán mọ̀, ará ilé mọ̀. Ohun tí gbogbo wọn fẹ́ kí àwòrán náà sọ ni pé méjì ni àwọn ọmọ yìí, òótọ́ sì ni. Irọ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ayàwòrán bá ti mú ẹni tí kò mọ̀ gba ohun tí kò ṣẹlẹ̀ gbọ́. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, a ó sì tún fẹnu bà á níwájú.

Láti Orí Kámẹ́rà Kékeré Dé Orí Iṣẹ́ Ńlá

Ní 1888, George Eastman gbé kámẹ́rà Kodak jáde ní Amẹ́ríkà, ó fi fíìmù dípò gíláàsì. Ní 1900, ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé kámẹ́rà Brownie jáde, tí owó rẹ̀ kò ju dọ́là kan lọ. Nítorí àwọn tí kì í ṣe ayàwòrán ni a ṣe é, kí olúkúlùkù lè máa ya àwòrán ara rẹ̀. Bí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú bá lè pa iṣẹ́ ayàwòrán, ìgbà náà ni ìbá ti kú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí irú kámẹ́rà yìí ṣe nílẹ̀ wa. A bí J. D. 'Okhai Ojeikere ní abúlé kan ní agbègbè Ẹdó ní 1930. Ní 1950 ó ra kámẹ́rà Brownie kan, aládùúgbò rẹ̀ kan sì fi bí a ti ń lò ó hàn án. Ó ń kọ̀wé ṣáá sí ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn láti tọrọ iṣẹ́, títí wọ́n fi gbà á ní 1954. Yàrá òkùnkùn ni wọ́n fi í sí. Ìbàdàn ni ó ti di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ní 1961 ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1959. Ní 1963 ó lọ sí Èkó láti ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà. Ní 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun dídì àti irun kíkó àwọn obìnrin, ó ń tọ́jú orúkọ wọn, bí onílé gogoro. Nígbà tí ó fi máa kú ní 2014, àwòrán irun tí ó yà ti tó bí ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n sì ti gbé e hàn nínú àwọn ilé ọnà ńláńlá lágbàáyé. Púpọ̀ nínú irun wọ̀nyí ni ọmọ òde òní kò mọ̀ mọ́, àfi nínú àwòrán rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí a ṣe fún aláìmọṣẹ́ ni ó gbé Ojeikere dé ẹnu ọ̀nà. Sùúrù àti ẹ̀kọ́ yàrá òkùnkùn ni ó mú un wọlé. Ní ọ̀nà mìíràn, Peter Obe ti ìwé ìròyìn Daily Times lọ sí ojú ogun abẹ́lé tí ó jà láti 1967 sí 1970, ó sì tẹ ìwé àwòrán nípa wàhálà orílẹ̀-èdè yìí jáde ní 1971. Iṣẹ́ ìjọba, tẹlifíṣọ̀n, ìpolówó ọjà, ìwé ìròyìn: ọ̀nà kan kò wọ ọjà ni ọ̀rọ̀ náà.

Àwọ̀ Mèremère, Kọ̀ǹpútà àti Tẹlifóònù

Ní nǹkan bí 1970 sí 1990, àwòrán aláwọ̀ mèremère gba ipò àwòrán dúdú àti funfun. Ẹ̀rọ ńlá ni a fi ń fọ̀ ọ́ ní àwọn ìlú ńlá, ayàwòrán kò sì nílò yàrá òkùnkùn tirẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí ìmọ̀ oògùn jẹ́ ọlá wọn rí i pé ọlá náà ti bọ́. Àwọn tí ó yí padà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá ènìyàn níbi ìnáwó, wọ́n ń yà wọ́n, wọ́n ń sáré fọ fíìmù, wọ́n sì ń gbé àwòrán padà wá tà kí àríyá tó tán.

Lẹ́yìn èyí ni kámẹ́rà tí kò lo fíìmù dé, tẹlifóònù alágbèéká sì tẹ̀ lé e. Ọdún 2001 ni ti GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìyípadà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Kodak fúnra rẹ̀, tí ẹlẹ́rọ rẹ̀ kan ti ṣe kámẹ́rà aláìlófíìmù ní 1975, fi lọ sí ilé ẹjọ́ ní 2012 láti sọ pé òun kò lè san gbèsè òun. Ilé iṣẹ́ tí ń ta fíìmù ṣubú, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kan ṣì wà tí ìdílé kò lè fi sọ́wọ́ aláìmọṣẹ́. Ẹ̀rọ tuntun wà lọ́wọ́ gbogbo àlejò, síbẹ̀ ẹni tí ó mọ ìgbà tí ìyá ìyàwó yóò sunkún, tí ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, tí ó mọ ẹni tí kò yẹ kí a fò dá nínú ẹbí, òun ni wọ́n ń sanwó fún.

Ti ẹ̀rí ni ó wá le jù báyìí. Kọ̀ǹpútà lè ṣe àwòrán ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, kí ó sì dà bí òótọ́ lójú ẹni tí kò mọ̀. Ààlà tí a fà nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ àwòrán ìbejì ni yóò máa ya ojúlówó ayàwòrán sọ́tọ̀. Bí ayé bá kún fún àwòrán èké, ẹni tí a mọ̀ sí olóòótọ́ ni ọjà rẹ̀ yóò wọ́n.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé gíláàsì gbígbẹ, kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú, fíìmù aláwọ̀ mèremère, kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì mú nǹkan kan kúrò lọ́wọ́ ayàwòrán. Kò sí èyí tí ó mú ojú tí ó mọ iyì ènìyàn kúrò, kò sì sí èyí tí ó mú ìgbẹ́kẹ̀lé kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí kò jẹ̀bi, bí ó bá ṣe tán láti kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ iṣẹ́.

Ohun kan kù tí ó kan gbogbo wa. Nínú àpótí àwọn sítúdíò àtijọ́ ni ojú àwọn bàbá ńlá wa wà. Bí ọ̀gá bá kú, tí àwọn ọmọ kò sì mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, òjò àti ikán ni wọ́n ń jogún nẹ́gátíìfù. Ti Solomon Alonge ní ìlú Benin, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó tí ó sì di ayàwòrán ààfin Ọba Akenzua Kejì, kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n kó o jọ, ilé ọnà Smithsonian ní Amẹ́ríkà sì pàtẹ rẹ̀ ní 2014. Kò yẹ kí ó jẹ́ òkè òkun nìkan ni a ó ti máa wo ojú ara wa. Olùkọ́ ìtàn lè rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí sítúdíò tí ó pẹ́ jù ní ìlú wọn, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú àwòrán sílẹ̀ nígbà tí àgbà tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láyé. Àwòrán tí kò ní orúkọ dà bí òkú tí kò ní oríkì: ojú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kí i.